Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Morẹ́nikẹ́

Ọjọ́rú, Ìkirè

Wọ́n ti pa gbogbo iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ́ kúrò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ilé ìwé wa ní Àpòmù. Ọ̀gá àgbà ló ní kí wọ́n pa á rẹ́, torí pé àwọn tó fún wa ní nǹkan náà ń bọ̀ lọ́la.

Ọ̀gá àgbà ní, “Tíṣà, ẹ wò ó, ó ti dà bí ìgbà tí wọ́n gbé e wá.” Wọ́n tilẹ̀ ti dá ọ̀rá tó bá a wá padà sójú rẹ̀. Inú wọn ń dùn, èyí ló sì dùn mí jù.

Mo ní, “Mà, iṣẹ́ àwọn ọmọ gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò.”

“Kí wọ́n wá bá jágajàga? Ẹ̀yin náà le jù.”

Àwọn àlejò náà fẹ́ mú ọmọ kan tí wọ́n máa kọ́ ní irú iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ọlidé. Morẹ́nikẹ́ ni mo ní lọ́kàn. Ó ṣe àwòrán tó ń rìn sórí tábúlẹ́ẹ̀tì náà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sá kúrò nínú epo tí ìyá Morẹ́nikẹ́ fi ń dín dòdò tà, ó ń bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n má jẹ òun. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló fi ohùn ara rẹ̀ sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà.

Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti pa á rẹ́, kò sunkún. “Sà, ṣé wọ́n wò ó kí wọ́n tó pa á rẹ́?”

Mo ní wọn ò wò ó.

Ó ní òun ti fi í ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n òun ní Wásinmi. Mo pe ẹ̀gbọ́n náà. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn fídíò kan rẹ́ kí fóònù òun lè láyè ni, pé òun á wò ó bóyá ti àbúrò òun ṣì wà. Kò tíì pè mí padà.