Kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá Rẹ Kékeré Tó Di Pósí

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, àrùn tó wà níta yìí ò ní mọ ojúlé rẹ. Èmi àti ìyá rẹ wà dáadáa, àfi inú tó ń bí mi, òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Wọ́n sọ fún mi pé o pe bàbá rẹ kékeré lórí fóònù, pé o sunkún títí o ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, torí pé o rí i nínú tẹlifíṣọ̀n òkè òkun láàárín àwọn pósí. Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yìí ti dé, o ò tíì pe èmi tí mo bí ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí wọra.

Jẹ́ kí n là á yé ọ. Àrùn yẹn ò pa ẹnì kankan ládùúgbò wa o. Kọ́bọ́ọ̀dù ni bàbá rẹ kékeré ń kàn fún ilé ìwé, ó tẹ́ wọn sínú oòrùn kí ọ̀dà ara wọn lè gbẹ, ni àwọn oníròyìn òkè òkun bá yà á, wọ́n ní pósí ni, wọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè wa ló ń kú lọ. Mi ò bá wọn wí. O ṣáà mọ iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi, kọ́bọ́ọ̀dù tó wọ́, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò pa dé, ta ni ò ní pè é ní pósí? Ká ní tèmi ni wọ́n yà ni, gbogbo ayé ì bá mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì kọ́kọ́ dé. Mo ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, mo ti wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o rà fún mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mo ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ẹni tó ń túmọ̀ fún wọn ní ojú mi ò ṣeni láàánú. Mo bá wúkọ́ fún wọn, ikọ́ gidi, ni gbogbo wọn bá sáré kó sínú mọ́tò, ó di iwájú ilé àbúrò mi.

Ní báyìí, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ó wá ń yan kiri àdúgbò. Ìyá rẹ ní ìlara ni mo ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ìlara ni, mi ò fi pamọ́. Kì í ṣe tìtorí ẹrù, ẹkún tí o sun fún un yẹn ni mo ń jowú.

Owó òrùlé tí o ṣèlérí, má fi ránṣẹ́ mọ́, torí wọ́n ní àwọn oníròyìn ń padà bọ̀, mo sì ti ṣí díẹ̀ nínú páànù orí ṣọ́ọ̀bù. Owó pákó ni kí o bá mi wá, kí n kan ojúlówó pósí dè wọ́n. Mo tún ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ síta bí ẹni tó kú, ìyá rẹ ò sì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa yẹ ọ́, o ò ní ṣàìsàn lójú àjèjì. Bí o bá rí mi nínú tẹlifíṣọ̀n tí mo nà gbalaja, tí wọ́n ní mo ti kú, irọ́ ni, má sunkún. Jọ̀ọ́ ṣá, ṣe bí ẹni pé o gbà wọ́n gbọ́, kí o wọkọ̀ wálé.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ọ.