Gìgísẹ̀ Mi Tẹ Ìlà

Bàbá mi, tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé yàrá kejì lẹ wà,

A gba ife. Ẹgbẹ́ wa ló gba ife líìgì básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin lọ́dún yìí, gbogbo Ìsọlọ̀ sì ti gbọ́, títí kan àwọn tí kò mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá. Abẹ́ aṣọ nínú àpótí ni mo ti mẹ́dàlì yẹn bọ̀, tí ojú mi bá sì ṣèèṣì kàn án, kíá ni mo máa ń pa àpótí náà dé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà máa yí yín po: orúkọ yín ni wọ́n fi fún wa ní ife náà. Ọ̀la ni mò ń lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣètò líìgì, tí mo bá sì sọ ọ́, wọ́n máa fa orúkọ yín sínú ẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Kò kúkú jẹ́ pé a ò ṣiṣẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń wọ kẹ̀kẹ́ márúwá kúrò ní Mafoluku lọ síbi tí a ti ń ṣe ìdánrawò n'Ísọlọ̀. Tí òjò bá rọ̀ sórí pápá, àwa fúnra wa la máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi kúrò. Tí a bá lọ gbá bọ́ọ̀lù lókèèrè, ibi tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa ń kó wa sí. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀ ń rùn débi pé inú igbó la yàn láti máa lọ. Alága ẹgbẹ́ wa ò yọjú rárá, àfi ìgbà tó ku eré kan péré kí a dé àṣekágbá. Ọjọ́ yẹn ló wá wọ jẹ́sì wa lé agbádá lórí, ó ń pe gbogbo wa ní ọmọ òun, ó ń gbá wa mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pẹ́ lọ́rùn wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣíọ̀. Ṣùgbọ́n a ń borí, Bàbá mi. Ìyẹn la fi ń gbé gbogbo ẹ̀ mì.

Ọjọ́ àṣekágbá, bí mo ṣe wọlé ni mo rí Bọ̀dá Sùlè pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Inú mi dùn, Ọlọ́run gbọ́. Ẹ̀yin lẹ mú un wọ iṣẹ́ rẹfirí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń nawọ́, bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè láì gba ẹnikẹ́ni láyè láti báni jiyàn. Ilé wa ló ti máa ń jẹun tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti pápá dé, orí ẹní yín ló ti máa ń kírun. Mo tiẹ̀ wò ó bóyá ó gbé omi tiẹ̀ dání bíi tiyín, ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ mu omi ẹgbẹ́ kankan kí eré tó parí, kí ẹnì kan má baà sọ pé òun fún yín ní nǹkan. Ife omi tí wọ́n gbé fún un ló ń mu. Mi ò ka ìyẹn sí.

Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwọn ọmọbìnrin Bìní tí a jọ ń du ife sì fi àmì kan ṣoṣo jù wá lọ. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí mi létí pápá. Mo hán an, gìgísẹ̀ mi sì tẹ ìlà. Kì í ṣe pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ o. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo mọ̀ ọ́n lára bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti tẹ ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ mọ òfin jù mí lọ: ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan ìlà tòun ti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù ti di ti ẹgbẹ́ kejì nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni Bọ̀dá Sùlè wà, tó bá nawọ́, ọwọ́ ẹ̀ á kàn mí. Mo retí fèrè. Fèrè ò dún. Mo ju bọ́ọ̀lù síwájú, kápútẹ́ẹ̀nì wa sọ ọ́ sínú àwọ̀n, aago dún, ariwo sì gba gbogbo ilé.

Mo sọ fún ara mi pé kò rí i. Eré le, ojú èèyàn lè fo ìlà. Òun ni mo fi ń tu ara mi nínú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbé wa kiri. Màámi ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ike ní ṣọ́ọ̀bù wọn pé ẹ̀yin lẹ jà fún mi láti ọ̀run. Ìmáàmù náà sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń sọ ọ́, èmi náà sì ń ṣe àmín.

Bọ̀dá Sùlè wá bá wa nílé lẹ́yìn náà, ó fa àgbò dání. Ó ní àdúà ọdún yín ti sún mọ́lé, kí a kúkú da ìdúpẹ́ ife pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ máa rí i pé mi ò pè é ní "wọ́n" mọ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ má bá mi wí, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ti tán. Ó jókòó sórí àga yín, ó fọwọ́ lu orúnkún mi pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Mo rí ẹsẹ̀ ẹ o. Torí bàbá ẹ ni mo ṣe gbójú kúrò. Ojú mi kọ́ ni ọmọ wọn máa ṣe pàdánù ife."

Ó sọ ọ́ tán, ó wá ń wò mí, ó ń retí kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ara mi bù máṣọ. Nígbà tó lọ, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ orúnkún tó fọwọ́ lù, mo fọ ọ́ títí ó fi pọ́n. Kí ló tiẹ̀ rò pé ẹ jẹ́? Òrìṣà tí wọ́n ń fi ìrẹ́jẹ bọ? Àwọn ọmọ Bìní yẹn náà ní bàbá. Àwọn náà gbá omi òjò kúrò lórí pápá tiwọn. Ta ló gbójú kúrò torí bàbá tiwọn?

Mo sọ fún Màámi. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé ṣé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni. Wọ́n ní èkuru la ní ká jẹ kó tán, èmi tún ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo. Wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run bá ti ṣe, èèyàn kì í tú u. Ṣé Ọlọ́run ló ń fọn fèrè ni? Mi ò bá wọn jiyàn, ẹ mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni ohun ayọ̀ ti ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wọn, mi ò sì fẹ́ já eléyìí gbà.

Wọ́n pa àgbò náà. Lọ́jọ́ àdúà, wọ́n gbé ife síwájú fọ́tò yín, àwọn àlùfáà ka Kùránì, alága wa náà wá, ó ń fọwọ́ pa ife lórí bí ẹni tó bí i. Òórùn ẹran gba gbogbo kọ́ńpáàǹdì. Mi ò fẹnu kàn án. Mò ń wo Bọ̀dá Sùlè bó ṣe ń fa mùdùnmúdùn inú egungun mu, tí ọ̀rá ń ṣàn dé ìgbúnwọ́ ẹ̀, tó sì ń gbé ọwọ́ kan náà sókè ṣe àmín sí orúkọ yín. Mo dìde kúrò níbẹ̀.

Mo pè é sẹ́yìn ilé, nídìí táǹkì omi. Mo ní mo máa lọ sọ ohun tó ṣe fún àwọn tó ń ṣètò líìgì. Mo ní tí ẹ bá wà láyé, ẹ máa já fèrè yẹn kúrò lọ́rùn ẹ̀, torí ẹ̀yin ò jẹ́ ṣe irú ẹ̀ láéláé. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú ọmọdé.

"Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn," ló wí. "Ọ̀dọ̀ ta lo rò pé mo ti kọ́ ọ?"

Ó ní ọjọ́ tí ilé-ìwé wa gba ife àwọn ilé-ìwé n'Ísọlọ̀, tí ẹ̀yin jẹ́ rẹfirí, òun lòun ń mú aago. Ó ní àkókò ti tán kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ mi. Òun nawọ́ sí yín, ẹ wo òun, ẹ sì ka bọ́ọ̀lù náà mọ́ àmì wa, ìyẹn la fi borí. Ó ní nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ń rìn lọ sílé, ẹ sọ fún òun pé ọmọ náà ti sunkún tó lọ́dún yẹn, kí òun má ṣe dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ọdún tí àbúrò mi kú ni, Bàbá mi. Ó ní tí wọ́n bá pe òun lẹ́jọ́, ibẹ̀ lòun ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ó lè jẹ́ irọ́. Ẹni tí ẹrẹ̀ bá ta sí láṣọ kì í fẹ́ dá nìkan dọ̀tí. Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ yẹn. Àwọn òbí yòókù ń gbé ọmọ wọn sọ sókè, èmi náà sáré wá bá yín, ẹ sì ní kí n lọ kó bàtà mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò ṣe rẹfirí eré tí mo bá wà nínú ẹ̀ mọ́. Wọ́n á bẹ̀ yín títí, ẹ ò ní gbà. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn. Kò sí ẹni tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù tí mi ò tíì sọ ọ́ fún, pé bàbá tèmi, torí òótọ́ ẹ̀, kò jẹ́ dájọ́ ọmọ ara ẹ̀. Ṣé torí òótọ́ ni? Àbí ojú ló ń tì yín? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ máa tún un ṣe ni?

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣe é, ṣé kí n kórìíra yín bí mo ṣe kórìíra Bọ̀dá Sùlè? Ó ń sú mi láti rò ó. Nígbà míì, mo máa ń rí ìdí tí bàbá kan fi lè ṣe é fún ọmọ tí àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, omijé á sì bọ́ lójú mi. Kó tó gbẹ, màá rántí pé ilé-ìwé kan wà lódì kejì tó pàdánù lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti pe kápútẹ́ẹ̀nì àwọn Bìní. Mo sọ fún un pé mo tẹ ìlà. Ó fi Pidgin dá mi lóhùn pé gbogbo àwọn ló rí i, ẹni tó máa sọ ọ́ làwọn ń retí. Kò bú mi, kò sì dúpẹ́. Ó pa fóònù.

Torí náà mò ń lọ lọ́la. Màá sọ ti ẹsẹ̀ mi, màá sọ ohun tí Bọ̀dá Sùlè sọ lórí àga yín. Bóyá wọ́n máa gba ife padà, bóyá wọn ò ní gbà á, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Òun náà máa sọ tiyín. Wọ́n á wá yíjú sí mi, wọ́n á bi mí bóyá òótọ́ ni. Ká ní ẹ wà ni, màá ti jókòó tì yín, màá ti bá yín jà, ẹ̀ bá sì ti dá mi lóhùn. Ní báyìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi, pé mi ò mọ̀. Èmi tí mo máa ń fi orúkọ yín búra.

Èmi ni, ọmọ yín, tí mo fẹ́ràn yín tí mo sì ń bínú sí yín.