Má Fọ Ìfun De Ọ̀bẹ

                                        Àjégúnlẹ̀,
                                        Ṣakí,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òjò ò tíì ba ẹ̀gẹ́ yín jẹ́ ní Ìgànná? Ìpá tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, ṣé ìrora rẹ̀ ò pọ̀ sí i?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù lánàá ló mú mi kọ̀wé. O ní ò ń gbé kápúsù apakòkòrò mì láràárọ̀ kí inú rẹ lè mọ́ de iṣẹ́ abẹ ìpá rẹ. Mo ní kí o jáwọ́, o bú sẹ́rìn-ín, o ní, "Kàdírì ojo! Ìfun mi ni mò ń ṣe àlùwàlá fún." Ẹ̀rín náà ò jẹ́ kí n sọ èyí tó kù.

Ohun tí ìyàwó mi, ìyá Ayọ̀bámi, ṣe gan-an nìyẹn. Kí wọ́n tó gé kókó inú ìfun rẹ̀, ó ti lo kápúsù tí dókítà kankan ò kọ fún un. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn àbúrò rẹ̀ tún ń kó òmíràn sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ bí igi, ojú ọgbẹ́ kọ̀, kò jiná. Mo ti ń ro ibi tí a ó sin ín sí, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Dókítà bi wá, a jẹ́wọ́. Ó ní àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan ń gbé inú ìfun wa tí ojú ò lè rí, pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn búburú ráyè. Kápúsù àlòkulò pa àwọn rere, àwọn búburú wá gbalé. Mo ní ṣebí ìmọ́tótó ni. Ó ní, "Bàbá, ṣé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ìfun tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́?" Ó ní oògùn tí àwọn ń fún aláìsàn nígbà iṣẹ́ abẹ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Ìyá Ayọ̀bámi ti ń mu ẹ̀kọ báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì lè dìde jókòó láìdì mọ́ mi. Bó bá wúkọ́, àyà mi a já.

Mo mọ̀ pé ìyá arúgbó lo máa ń pè mí nítorí àníyàn mi. Máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó gbogbo kápúsù yẹn lọ bá dókítà rẹ, kí o sọ iye tí o ti lò. Bó bá sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú, gbà. Má bínú, mo ti pe Gbémisọ́lá ọmọ rẹ pé kó tẹ̀ lé ọ, torí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan ò ní jẹ́wọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé. Nínú àwa tí a jọ jáde ilé ìwé girama, ìwọ nìkan ló kù tí mo lè kọ lẹ́tà sí.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀,
                                        Kàdírì Ládòkun.