Ọ̀nà Tí Mo Fi Pẹ́ńsùlù Káfíńtà Kọ

Sí ọmọ mi, Alátúnṣe, ẹni tó tú rédíò mi palẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje tí kò sì rí i tò padà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọ̀gá rẹ kò fi iṣẹ́ pa ọ́? Bó o bá béèrè èmi bàbá rẹ, a dúpẹ́, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, òun náà sì mọ̀ pé mi ò ráyè tirẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé ó dákẹ́ jù. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn mọ́, bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ́gbọ́n wá, èmi náà ni mo ń dá ara mi lóhùn.

Pátákó tó o fi pẹ́ńsùlù mi yàwòrán iṣẹ́ rẹ sí nígbà tó o wá kẹ́yìn ṣì wà lórí tábìlì. Wọ́n ti ní kí n fi ṣe àpótí, mi ò gbà. Àràárọ̀ ni mò ń wò ó, ó sì ti yé mi ju tọjọ́ yẹn lọ. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kó o so àwọn kọ̀ǹpútà wọn mọ́ àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì, o ní ọ̀nà méjì ló wà tí ẹ̀rọ wọn fi lè mọ ibi tí yóò gbà jáde. Èkíní, kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀nà náà sínú ẹ̀rọ, pé ohunkóhun tí o kò bá mọ ilé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yìí ni kó o darí rẹ̀ sí. Èkejì, kí ẹ̀rọ tiwọn àti ẹ̀rọ àwọn tó ń ta á máa kí ara wọn, kí wọ́n máa sọ ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dákẹ́ tí ìkíni mẹ́ta fi kọjá, èkejì á gbà pé ó ti kú, á sì pa gbogbo ọ̀nà rẹ̀ rẹ́. O tún ní ẹni tó gbọ́n á ra íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì, kí ọ̀kan lè rọ́pò èkejì.

Ìmọ̀ràn rere ni, mo sì ti ń lò ó. Nígbà tí akọ̀wé ilé iṣẹ́ omi mú fọ́ọ̀mù wá, tí wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n lè kàn sí, mo fi pẹ́ńsùlù káfíńtà mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun tí ẹ kò bá mọ ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní ìlú ńlá ni kí ẹ darí rẹ̀ sí. Ó béèrè nọ́ńbà ilé rẹ, mo ní kó má ṣèyọnu, ẹ̀rọ tó wà níwájú á mọ̀ ọ́n. Ó ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n máa sinmi dáadáa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ra fóònù kejì, ti ilé iṣẹ́ mìíràn, pé bí ìpè rẹ kò bá rí ti àkọ́kọ́ gbà, kó gba tibẹ̀. Mo gbé àwọn méjèèjì kojú ara wọn lórí tábìlì kí wọ́n lè máa kí ara wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sí èyí tó dún. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe, ó ní kò sóhun tó ṣe wọ́n, ó wá béèrè bóyá mo ti fún ọ ní nọ́ńbà tuntun náà. Mo ní èmi kọ́, àkọ́kọ́ á ti sọ ọ́ fún tìrẹ. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀kan pe èkejì kó lè dá mi lójú. Ó dún. Mo gbé e, mo kí ara mi, mo béèrè àlàáfíà ilé, mi ò sì tètè pa á.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni àbúrò mi tó ń ta símẹ́ńtì wá. Ó ní tísà kan ń wá ilé, pé yàrá rẹ ṣófo, kó kó wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù. Mo ní ọmọ mi ló ni yàrá. Ó ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lo ti dákẹ́, adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe. Nígbà tó lọ tán, mo wo pátákó, ojú mi bọ́ sórí ìkíni mẹ́ta yẹn, ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, mo ti rán awakọ̀ sí ọ, mo pè ọ́ lọ́jọ́ tí ikú ìyá rẹ pé ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta géérégé, o kò dáhùn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo sunkún díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tó o pè ní àbùkù ọ̀nà àfọwọ́kọ. O ní kò mọ ìgbà tí ẹni òdìkejì dákẹ́. Bó kú ni, bó yè ni, á ṣáà máa darí ẹrù síbẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, ìyẹn ni ọ̀gá rẹ kò fi fẹ́ràn rẹ̀. Mo dìde, mo lọ sọ fún àbúrò mi pé kí tísà wá ilé síbòmíràn. Ọmọ kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ìwọ kò sì tilẹ̀ burú, o kàn dákẹ́ ni.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra káàdì sórí fóònù méjèèjì, kí n sì ra kọ́kọ́rọ́ tuntun sí ilẹ̀kùn rẹ. Bí kò bá sí owó, má jẹ̀ẹ́ kójú tì ọ́, kí ọ̀kan nínú wọn ṣáà dún, bó ò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Nọ́ńbà kejì wà lẹ́yìn ìwé yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bà jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ibi tó o bá dé, wọn á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, ọ̀nà àfọwọ́kọ, tó ṣì ń darí ohun gbogbo sọ́dọ̀ rẹ.