Dókítà Yínúsà Àmọ̀sù (1966–2025), Ẹni Tó La Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀ Sápá Ọ̀pọ̀ Èèyàn

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wá bá ìdílé Àmọ̀sù dárò, ẹ jẹ́ kí Àlájà Sèlíátù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ tirẹ̀, kí àwọn olófòófó Koko, àdúgbò wa ní Bouaké, tó bá a sọ ọ́. Ní ọdún 2019, kíndìnrín Àlájà daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àbúrò rẹ̀ yìí la apá òsì rẹ̀, ó so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn mọ́ èyí tó ń dá a padà, kí iṣan náà lè nípọn, kó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ó kìlọ̀ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ fún apá náà. Àfi bí ìsọmọlórúkọ ṣe dé ní ìletò Bodokro! Àlájà ní òun kò lè gbé apá lásán lọ sáàárín ẹgbẹ́. Ó ki ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́fà bọ̀ ọ́. Kó tó padà dé Bouaké, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń kùn nínú rẹ̀ bí ológbò ti dí, kò kùn mọ́.

Ẹ̀mú ni Dókítà fi gé ẹ̀gbà náà, bí Àlájà ṣe ń jágbe mọ́ ọn pé kó má ba ẹ̀gbà òun jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, iṣan ò mọ Àlájà o." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó so iṣan mìíràn pọ̀ lápá òkè, nítòsí ìgúnpá. Òun ló gbé Àlájà dòní.

Koko ni wọ́n bí olóògbé sí ní 1966, fún Bàbá Àmọ̀sù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran, àti Ìyá Rábí. Àlájà ló pọ̀n ọ́n. Ó sì tọ̀ sí i lẹ́yìn títí aṣọ fi ṣá. Ó ka líse, ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní Bouaké, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Abidjan, ó gbé Fatimah níyàwó ní 1997.

"Anago tó ń rán iṣan", ìyẹn Yorùbá tó ń rán iṣan, ni àwọn aláìsàn ń pè é. Òwú tó tín-ín-rín ju irun lọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Yóò di ojú, yóò fi ìka wá ibi tí iṣan ń lù, yóò ní "Bísímílláhì", kó tó mú abẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́, yóò fún aláìsàn ní ọsàn kan láti máa fún mọ́wọ́, kí iṣan lè lágbára. Àlájà jẹ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kadà ló ń gùn lọ Bodokro láti yẹ apá àwọn àgbẹ̀ wò.

Ó fi ìyàwó sílẹ̀, àti ọmọ méjì, Qoyyum àti Qoreebah, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àti ẹ̀gbọ́n olóríkunkun kan. Yínúsà, ọmọ Àmọ̀sù, kí ilẹ̀ tù ọ́ lára, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé rẹ.

Lọ́jọ́ tó kú ọ̀la tí yóò lọ, lórí ibùsùn àìsàn, ó fa apá Àlájà mọ́ etí, ó gbọ́ ọ pẹ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, bí eléyìí bá tún dí, ta lẹ máa jágbe mọ́?"