Bí Orí Mi Ṣe Di Elégédé

Ilé wa, Kedungwaru
Lẹ́yìn ìbò baálẹ̀

Ratmi ọmọ mi,

Àsàlámù aláékùmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Surabaya, mo sì kí ọ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ni o máa ń wà tí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú máa dùn ọ́. Ara ìyá rẹ le díẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń yé, ògiri ilé ìdáná tó fẹ́ wó kò tíì wó. Èmi náà wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá rí mi lórí fóònù lè máa ṣiyèméjì.

Mo fìdí rẹmi, Ratmi. Alájì Darsono ló tún wọlé, omi oko wa á sì tún máa ṣàn lọ sínú adágún ẹja rẹ̀ títí di ìbò mìíràn. O mọ̀ pé kì í ṣe oyè ló wù mí. Ìrẹsì ń gbẹ lórí ìdúró, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò wá bá mi nílé, wọ́n ní Bàbá Tarmuji, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bẹ̀rù ọkùnrin yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Mo sì jáde. Nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ kan, tèmi ni gbogbo wọn ń ṣe, kódà àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ Alájì ń kí mi lábẹ́lẹ̀.

Àfi bí àwòrán yẹn ṣe dé. Sugeng ọlọ́kàdà ló fi hàn mí ní ìsọ̀ kọfí Màmá Painah. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo fóònù náà, ó ní Bàbá, ẹ má bínú o, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Mo wò ó. Ojú mi ni, ṣùgbọ́n orí ti di elégédé, etí fẹ̀ bí atẹ, ara sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọ́. Mo lóṣòó sínú kòtò omi tó gbẹ, mo la ẹnu gbàgà, eyín iwájú kan ò sí níbẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ẹ fún mi lómi mu. Màmá Painah ní kọfí òun ń hó, ó sá wọlé, mo sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Mo rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é máa ń fa orí ènìyàn ní tòótọ́ ni. Nígbà tí mo délé, mo fi okùn wọn etí mi ọ̀tún, ìyá rẹ wọn ti òsì, ó ní wọn ò yẹsẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà látọjọ́ ìgbéyàwó. Mo wá ń gba ilé kiri, mo ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dá orí mi padà. Ẹnì kan á tẹ fóònù rẹ̀, á ní Bàbá, ó ti lọ. Màá dúpẹ́, màá dé ilé kejì, màá tún bá ara mi níbẹ̀ tí mo lóṣòó. Mo fi kẹrosíìnì nu ojú fóònù Sugeng bí a ṣe máa ń nu ọ̀dà kúrò lára pákó. Àwòrán náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù bá a lọ. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

O mọ bí a ṣe ń dìbò níbí, ìṣó ni a fi ń dá àwòrán ojú ẹni tí a bá fẹ́ lu lórí ìwé ìbò. Mo wọ aṣọ batíìkì mi, mo jókòó sórí àga gíga níwájú gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ dìbò á wò mí, á fọwọ́ di ẹnu, màá sì máa gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n ti ń dìbò. Nígbà tí wọ́n ń na ìwé ìbò sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ojú Alájì ti lu bí ajọ̀. Tèmi ń dán, ìṣó ò kàn án. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá jowú ojú tó lu.

Nísinsìnyí, tí mo bá ń lọ sóko, àwọn ọmọdé á máa ké bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn mi. Ìyẹn ò pa mí.

Mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ mi tó wà ní Surabaya ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé ó máa ń sọ àwòrán ìyàwó àti ọkọ ìyàwó di ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń ta ara wọn lọ́rẹ, pé òun ni yóò bá mi wá ìkà tó ṣe é. Mo ń fi ẹnu mi yangàn. Ìgbà náà ni ìyá rẹ gba àwòrán náà, ó fi awò sójú. Ó nàka sí èjìká ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, ó ní aṣọ òun nìyí, èyí tí òun sá sórí okùn láàárọ̀ ọdún ààwẹ̀. Ẹni tó gé àwòrán náà kò gé e tán. Ó yọ awò, ó ní bóyá olè ló wọ inú fóònù rẹ, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Ratmi, láti ìgbà tí ẹ̀rú ọkọ́ ti gbá eyín iwájú mi yọ, n kò la ẹnu níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán rí. Lórí káàdì ìdánimọ̀, mo pa ẹnu dé. Lórí ìwé ìbò, mo pa ẹnu dé. Níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n bẹ̀ mí títí, mo pa ẹnu dé. Àfi àárọ̀ ọdún yẹn, tí pẹ́pẹ́yẹ sá wọ abẹ́ àga ìmáàmù, tí o gbé fóònù sókè, o ní Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín yín, ṣebí èmi nìkan ni mo ń wò yín. Mo sì rẹ́rìn-ín.

Àna Alájì ń gbé ní Surabaya. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ó kàn wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ni, o ò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ojú ta ni o máa ní o ò mọ̀? Ohun kan ni kí o sọ fún mi. Ṣé àwòrán tí mo pa ẹnu dé ló gbé wá, tí ìwọ wá sọ fún un pé o ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé kò sí lẹ́tà tí n kì í fi tọrọ owó, ògiri náà sì nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kó wó. Àwòrán yẹn ni mo ń tọrọ, bí o ṣe yà á kí o tó fọwọ́ kàn án. Bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. A fẹ́ gbé e kọ́ sí yàrá, kí ìyá rẹ lè máa rí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ tó wà nínú àpò, ìyá rẹ ló tò ó. Kò ní kí n kí ọ.

Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Wàá bímọ, wàá sì dàgbà lójú wọn, ọmọ tí yóò máa bá ọ rẹ́rìn-ín ni wàá bí, kò ní jẹ́ èyí tí yóò máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí orí rẹ̀ kò tóbi ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ,

Tarmuji