Ìjì Inú Ọkọ̀ Wa

Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe o. Ara mi le, ẹ̀rín ni mo ń rín bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣé ẹ rántí atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ara oòrùn, tí mo sọ pé agbára òòfà inú rẹ̀ ń dàrú? Ọkọ̀ tí a rán sójú òfuurufú ló ń gbọ́ ọ fún wa. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé mẹkáníìkì tó bá gbọ́ ariwo nínú mọ́tò, kó kọ́kọ́ pa rédíò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yín ṣẹ mọ́ mi lára. Ìrúkèrúdò tí mo kéde fáyé, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ọkọ̀ wa móoru ló ń fà á. Atẹ́gùn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ bínú. Ó ní kí n lọ sinmi, ó sì bá mi gba káàdì tí mo fi ń ṣílẹ̀kùn ibi iṣẹ́ pamọ́ kó má bàa sọnù. Mo ń sùn dáadáa, kódà lọ́sàn-án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwòrán mi tí ẹ gé nínú ìwé ìròyìn kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ ní òjò ló bà á jẹ́. Ẹ má pe ibi iṣẹ́ mi. Ẹ kí màmá, ẹ ní mo ti sanra.

Ọmọ yín ni. Ẹ ṣì lè máa pè mí ní Ìyá Oòrùn.